Ẹsẹ̀ mi ń kú láàárín eré, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará. Òṣogbo ni mo wà, cyclocross ni mò ń gùn, eré kẹ̀kẹ́ inú ẹrẹ̀ yẹn, tó bá débi pákó ìdènà èèyàn á bọ́ sílẹ̀ gbé e kọ́ èjìká máa sáré lọ. Mo fẹ́ lè gùn ún fún wákàtí kan bíi tàwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù, àmọ́ tó bá ti tó 20 mínìtì báyìí itan mi á le gbagidi. Sátidé tó kọjá, lọ́nà Ìkirun, ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé mi ò lè di búréèkì mú, ó dùn mí gan torí mo mọ̀ pé agbára ṣì kù. Àmàlà ni mo jẹ kí n tó jáde, ṣé òun ni? Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ bóyá ara ló ti rẹ̀ àbí ọkàn ló ń bẹ̀rù?