Báwo ni mo ṣe lè mú kí lẹ́tà máa wọlé níkọ̀ọ̀kan lórí timeline?

TuntunLẹ́nuIṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Adobe Animate ni mò ń lò, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń mú kí àwòrán máa rìn, mi ò tíì mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ohun tí mo sì fẹ́ fi ṣe ò tó nǹkan. Ẹ KÁÀBỌ̀ ni mo fẹ́ kọ, kí lẹ́tà ẹ̀ máa já bọ́ látòkè níkọ̀ọ̀kan, kó dúró díẹ̀ káwọn èèyàn rí i kà, kí ìmọ́lẹ̀ kan wá gba ojú ẹ̀ kọjá, kó tó pòórá. Gbogbo ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju sẹ́kọ́ndì mẹ́rin sí márùn-ún lọ.

Ohun tí mo ṣe rèé: mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sí frame 1 lórí timeline (ìlà tí àwọn frame, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan, tò tẹ̀ léra sí), mo lọ sí frame 30, mo tẹ F6 kí keyframe wà níbẹ̀ (frame tá a ti ń yí ibi tí nǹkan wà padà), mo fà á wá sílẹ̀ síbi tó yẹ kó dúró, mo wá ní kó ṣe classic tween láàárín méjèèjì, kí Animate fúnra ẹ̀ ṣe ìrìn àárín wọn. Ó rìn o, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ló jọ ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi pátákó tí wọ́n ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan wá ní kí n tẹ Ctrl+B láti fi tú ọ̀rọ̀ náà ká. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ara ẹ̀ wá ń ṣe tó-tò-tó, nígbà tí mo sì fi máòsì fa Ọ̀, àmì ohùn orí ẹ̀ dúró síbi tó wà, kò tẹ̀ lé e rárá. Mo tún dán shape tween wò (èyí tó ń sọ àwòrán kan di òmíì), ńṣe lọ̀rọ̀ náà ń rún wómúwómú láàárín ọ̀nà kó tó di ara ẹ̀ padà.

Ibo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn ní kí n lọ wá preset (èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀) o, mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń ṣe ni.

BàbáTimeline:
O káre, ó kéré tán o sọ ohun tó o ti ṣe, ọ̀pọ̀ á kàn kọ "kò ṣiṣẹ́" síbẹ̀ wọ́n á bá tiwọn lọ.

Ctrl+B ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ló dá gbogbo ẹ̀ rú. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á ya sọ́tọ̀ àmọ́ á ṣì jẹ́ lẹ́tà, o ṣì lè pààrọ̀ fóǹtì ẹ̀. Tó o bá tún un tẹ̀, ó ti di àwòrán lásán nìyẹn, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé B ni B mọ́, ìdí nìyẹn tí àmì orí Ọ̀ fi di nǹkan tó dá dúró. Nítorí náà padà sẹ́yìn, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà mú gbogbo lẹ́tà náà pọ̀, kó o tẹ Ctrl+Shift+D. Animate á fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní layer tiẹ̀ (ìpele tó dá dúró lórí timeline), á tiẹ̀ fi lẹ́tà náà sọ layer ọ̀hún lórúkọ. Kó o wá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ F8 láti sọ ọ́ di symbol (àwòrán tí Animate ń tọ́jú sínú àpótí ẹ̀ tó ń jẹ́ Library), yan Graphic, fún un lórúkọ tó máa yé ẹ. Symbol nìkan ni classic tween mọ̀ ọ́n gbé rìn, tó ò bá sì ṣe é fúnra ẹ, òun á ṣe é, á wá da Tween 1, Tween 2, Tween 3 kún inú Library, lọ́la o ò ní mọ èwo ni Á èwo ni À.

Ibi tí wọ́n máa gúnlẹ̀ sí ni kó o kọ́kọ́ tò o, èyí ló máa gba ìdajì wàhálà kúrò lọ́rùn ẹ. Àwọn lẹ́tà ti wà níbi tó yẹ kí wọ́n dúró báyìí, àbí? Fa máòsì wálẹ̀ lójú frame 10 kó kan gbogbo layer, tẹ F6. Padà sí frame 1, gbé gbogbo wọn sókè kúrò lójú stage (ojú ibi tí àwòrán ti ń hàn), sọ Alpha wọn, ìyẹn bí wọ́n ṣe hàn tó, di 0. Mú àárín, bíi frame 5, lórí gbogbo layer, classic tween. Tó o bá wò ó báyìí wọ́n á ṣì jọ já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni, má bẹ̀rù. Iṣẹ́ tó kù ni pé kó o máa sún wọn síwájú. Fi Ẹ sílẹ̀ bó ṣe wà. Lórí layer K, mú láti frame 1 dé 10, fà á lọ sápá ọ̀tún ní frame mẹ́ta. Á, mẹ́fà. À, mẹ́sàn-án. B, méjìlá. Ọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó kẹ́yìn á gúnlẹ̀ ní frame 25, tí tìẹ bá sì ń lọ ní frame 24 láàárín sẹ́kọ́ndì kan, ó fi díẹ̀ lé ní sẹ́kọ́ndì kan nìyẹn. Lọ sí frame 100, tẹ F5 lórí gbogbo wọn kí ọ̀rọ̀ má bàa pòórá lójijì.

Tó o bá rí ìlà tó ń já gé-gé-gé dípò ọfà lójú tween, keyframe tó yẹ kó wà ní ìparí ẹ̀ ló sọnù, wá a lọ.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, fi ease (òun ló ń darí bí ìrìn ṣe ń yára tàbí falẹ̀) sí 100 kí lẹ́tà sáré wọlé kó wá rọra dúró.

Àkàndé_oníkámẹ́rà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀ ló dáa àyàfi ti ease yẹn. Ó ní kó JÁ BỌ́ ni. Nǹkan tó bá ń já bọ́ kì í rọra dúró, bó ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ ló ń yára sí i. -100 ló yẹ kó jẹ́, kó wá ta padà sókè díẹ̀ tó bá ti gúnlẹ̀, ìyẹn ni pé F6 méjì sí i lẹ́yìn ibi tó dúró sí, àkọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀, èkejì dá a padà. Òun ló ń jẹ́ kójú gbà pé lẹ́tà náà wúwo.

Arábìnrin tàbí arákùnrin tó béèrè, tó o bá lè lo After Effects, ètò Adobe míì, o ò tiẹ̀ nílò kó o máa pín layer rárá. Text layer kan ṣoṣo, ṣí i, lọ síbi Animate, mú Position àti Opacity, fún wọn ní iye tí wọ́n máa ní nígbà tí wọn ò tíì dé, kó o wá fi keyframe gbé Start inú Range Selector láti 0 dé 100. Bí Start bá ṣe ń rìn ni lẹ́tà á máa wọlé níkọ̀ọ̀kan, tó o bá sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́la, ohun tó o ṣe ṣì wà níbẹ̀. Kì í ṣe preset o, ọwọ́ ẹ lo fi ń ṣe é. Ẹni tí kò bá fẹ́ sanwó, DaVinci Resolve wà lọ́fẹ̀ẹ́, Text+ inú ẹ̀ ní Write On tó máa ń kọ lẹ́tà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí Follower sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ kí lẹ́tà máa rìn tẹ̀ lé ara wọn.

BàbáTimeline:
Àkàndé, mo gbà fún ẹ lórí jíjábọ́. 100 tèmi wà fún ọ̀rọ̀ tó ń yọ́ wọlé látẹ̀gbẹ́. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ta jù o, lẹ́tà mẹ́fà tí gbogbo ẹ̀ ń tọ bí ọmọdé máa ń rẹ ojú.

TuntunLẹ́nuIṣẹ́:
Háà, ó ti ń já bọ́ o!! Mo fi sí -100 mo sì jẹ́ kó ta padà díẹ̀, ó dùn ún wò gan-an. Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ó ku ìmọ́lẹ̀ yẹn àti Ọ̀ tí àmì ẹ̀ ṣì fẹ́ máa dá rìn. Ìgbà wo sì ni ká máa lo shape tween gan-an?

Àbẹ̀kẹ́Ayàwòrán:
Ká kọ́kọ́ ti ọ̀rọ̀ Ọ̀ tì. Á àti À, odidi ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú Unicode (àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà). Ọ̀ ò ní. Ọ dá ní tiẹ̀, àmì orí ẹ̀ dá ní tiẹ̀, wọ́n kàn gbé wọn léra ni, bẹ́ẹ̀ náà ni Ẹ́ àti Ẹ̀. Nítorí náà tó o bá ti pín lẹ́tà tán, wò ó bóyá àmì náà ti bọ́ sí layer ọ̀tọ̀. Tó bá bọ́ síbẹ̀, gé e, lọ sí layer Ọ, tẹ Ctrl+Shift+V kó lè bọ́ síbi tó ti wà gẹ́lẹ́, mú méjèèjì pọ̀ kó o tó tẹ F8. Symbol kan náà ni wọ́n, wọn ò lè yapa mọ́.

Ìmọ́lẹ̀: mask ni, ìyẹn layer tó ń jẹ́ kí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ hàn kìkì níbi tí àwòrán tiẹ̀ bá wà. Nígbà tí gbogbo lẹ́tà bá ti gúnlẹ̀, ká ní ní frame 45, mú wọn, ṣe kọ́pì, ṣí layer tuntun sókè pátápátá, F7 (keyframe òfìfo) ní frame 45 yẹn, Ctrl+Shift+V. Ibí wá ni Ctrl+B tó dà ọ́ láàmú ti wúlò: máa tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo ẹ̀ á fi di àwòrán lásán, torí mask ò gba ju symbol kan lọ, tó o bá kó lẹ́tà mẹ́fà tó jẹ́ symbol síbẹ̀, ọ̀kan ló máa ṣiṣẹ́. Ṣí layer míì sábẹ́ ẹ̀, ya pátákó funfun tó dagun díẹ̀, fi gradient kùn ún kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì má hàn rárá, kó jẹ́ àárín ló funfun, sọ ọ́ di symbol, jẹ́ kó ti ọwọ́ òsì ọ̀rọ̀ náà rìn dé ọwọ́ ọ̀tún láàárín frame bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wá fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ layer òkè yẹn, yan Mask. Tó ò bá rí nǹkan kan lójú stage, wò ó bóyá o ti ṣí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, àfi tí méjèèjì bá wà ní títì lo máa rí i. Má sì fi àkókò ẹ ṣòfò láti jẹ́ kí etí lẹ́tà mask rọ̀, Animate kì í wo àwọ̀ tàbí alpha mask, ara ìmọ́lẹ̀ ni kó o ti ṣe ìyẹn.

Shape tween, èmi máa ń lò ó nígbà tí lẹ́tà kan bá ń di lẹ́tà míì, kì í ṣe fún kó rìn. Rírún tó ń rún, ṣe ni Animate ń gbìyànjú láti mọ igun tó yẹ kó lọ sí igun wo, kò sì mọ̀ ọ́n. O lè fi shape hint tọ́ ọ sọ́nà, Ctrl+Shift+H, a dé z, 26 ló mọ, kó o fi a sí igun kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti a sí igun tó bá a mu ní ìparí. Tó bá di yẹ́lò ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì di gíríìnì ní ìparí, ó ti mú un. Tó bá ṣì pupa, kò sí lójú ìlà. Lẹ́tà kan tàbí méjì ni o, odidi gbólóhùn á gbé ẹ gbin.

Fáìlì_kékeré:
Kó o tó gbé e jáde, ibo ló ń lọ? Mo béèrè torí ìmọ́lẹ̀ gradient yẹn. GIF ò gbà ju àwọ̀ 256 lọ nínú frame kan, ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ á wá hàn ní ìlà-ìlà, kò sì mọ "ó hàn díẹ̀", yálà kí nǹkan hàn tàbí kó má hàn, etí lẹ́tà á rí gán-gàn-gán tó o bá gbé e sórí àwọ̀ míì. Tó bá jẹ́ fídíò lásán ni, MP4. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ gbé e lé orí fídíò míì, PNG sequence (àwòrán PNG kan fún frame kọ̀ọ̀kan), torí àwọn MP4 tá à ń lò kì í gbé ohun tí kò hàn dání. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o ṣe SWF (fáìlì Flash), sọ fún un pé Adobe ti pa Flash Player tì ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020.

Tó bá wá jẹ́ GIF náà ni dandan, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́kọ́ndì ni GIF fi ń ka àkókò frame kọ̀ọ̀kan, 24 ò sì pín síbẹ̀ dọ́gba. Fi timeline ẹ sí 25 tàbí 20. Tó o bá fi sí 20, ọ̀rọ̀ ẹ á falẹ̀ díẹ̀, nítorí náà dín frame mẹ́ta tó o fi ń sún lẹ́tà yẹn kù sí méjì.