Shelter tornado (ibi ìsádi lọ́wọ́ ìjì líle tó ń yí po): ká gbẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ gárèjì ni àbí ká gbé e ka orí ilẹ̀? Orúnkún ń dun màámi

Ìyá Ìbejì Moore:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tó wà l'Oklahoma àti Texas. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Moore, l'Oklahoma níbí, láti Houston ni, ilé tá a rà ò ní shelter kankan, gbogbo àdúgbò sì ń sọ fún mi pé kí n má jẹ̀ẹ́ kí oṣù kẹrin, tí àsìkò tornado máa ń dé, bá mi láìṣe é. Ẹnì kan wá wo gárèjì wa, ó ní òun á gé kọnkéré, òun á ri àpótí irin sínú ilẹ̀, mọ́tò á ṣì máa páàkì lórí ẹ̀, ó ní "FEMA approved" ni, pé FEMA, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí àjálù, ti fọwọ́ sí i. Wàhálà ibẹ̀ ni pé màámi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù kẹta, wọ́n á lo oṣù mẹ́fà, orúnkún sì ń dùn wọ́n débi pé tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lásán ẹnì kan gbọ́dọ̀ di apá wọn mú. Mo ní ká ra èyí tó ń dúró lórí ilẹ̀, ọkọ mi ní rárá, pé kò sí nǹkan tó lè dúró lórí ilẹ̀ níwájú irú tornado tó jà níbí ní 2013. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ nípa ẹ̀?

Injíníà Ṣọlá:
Ẹ kú oríire ilé tuntun mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "FEMA approved" yẹn kúrò nílẹ̀: FEMA kì í fọwọ́ sí ọjà ẹnikẹ́ni. Ìwé ìlànà ni wọ́n kọ, P-361 àti P-320, ìlànà ìkọ́lé fúnra ẹ̀ sì ń jẹ́ ICC 500, òun ni kẹ́ ẹ béèrè. Lágbègbè tiwa yìí, ó gbọ́dọ̀ lè fara da atẹ́gùn 250 máìlì láàárín wákàtí kan. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò ni pé wọ́n á mú pákó 2x4 tó wúwo tó pọ́ùn 15, wọ́n á fi ìbọn afẹ́fẹ́ yìn ín lu ògiri àti ilẹ̀kùn ní 100 máìlì, lu òrùlé ní 67, kò sì gbọ́dọ̀ lù ú já. Yunifásítì Texas Tech ní Lubbock ti ń ṣe irú ìwádìí yìí tipẹ́, nítorí tornado kọlu ìlú wọn ní 1970, ó pa èèyàn 26.

Ọkọ yín ò jẹ̀bi, ilé lásán ni ò lè dúró. Safe room (yàrá ààbò) tó bá ìlànà mu yàtọ̀, èyí tó wà lórí ilẹ̀ dúró ní Moore ní 2013 yẹn náà, èèyàn sì jáde nínú wọn láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ilẹ̀kùn o! Ilẹ̀kùn ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò níbikíbi tí mo bá dé. Ilẹ̀kùn, férémù, híńjì àti àgádágodo, gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti dán wò, ìdè ilẹ̀kùn náà sì gbọ́dọ̀ wọnú férémù níbi mẹ́ta, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá lọ ra ilẹ̀kùn irin lásán lọ́jà wá fi há a, ògiri nìkan ló rà. Ẹ tún béèrè bóyá kọnkéré gárèjì yín nípọn tó láti di bóòtù mú.

Nọ́ọ̀sì Adéọlá:
Àǹtí mi, mo wà ní Moore lọ́jọ́ 20 oṣù karùn-ún 2013. Ìkìlọ̀ jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 kí ìjì náà tó kan ilẹ̀. Èèyàn 24 ló kú, ọmọ iléèwé Plaza Towers 7 wà nínú wọn, iléèwé náà ò sì ní shelter. Inú ilẹ̀ gárèjì lèmi wà, ó gbà mí là, mi ò ní í sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa láé. Ṣùgbọ́n àkàbà ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀ sínú kànga, ẹ̀yìn lẹ fi ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ ò rí ibi tẹ́sẹ̀ ń bọ́ sí, apá ìhà kejì gárèjì sì wó lé ìdérí wa lórí, jáàkì tí ọkọ mi gbé sínú ẹ̀ la fi ti ìdérí náà títí tí ọwọ́ fi lè yọ jáde. Màmá tí orúnkún ń dùn? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ forúkọ shelter náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á ti wá yín tí ilé bá wó.

Ọmọ Ẹ̀gbá Dallas:
Kẹ́ni kẹ́ni má sọ pé ẹ wa mọ́tò sá, tàbí pé ẹ lọ sá pamọ́ sínú ihò omi o. Ọjọ́ 31 oṣù yẹn kan náà, àwọn tó sá sínú ihò omi ìsàlẹ̀ títì ní Oklahoma City, àgbàrá ló gbé wọn lọ.

Ìyá Ìbejì Moore:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi, ó ti gbà, ti orí ilẹ̀ la máa rà. Mo pe màámi, wọ́n ní ṣé ààjà tí àwọn mọ̀ nígbà èwe náà ni, mo ní ó jù ú lọ, wọ́n wá béèrè pé tó bá jẹ́ àwọn nìkan ló wà nílé ńkọ́, ṣé àwọn á lè ti ilẹ̀kùn yẹn fúnra àwọn? Mi ò lè dáhùn.

Injíníà Ṣọlá:
Ìbéèrè màmá gan-an nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn náà, kẹ́ ẹ sì tún ṣí i látinú. Òmíì wà tí ọwọ́ kan ń fà tí ìdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, òmíì sì wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí ìkẹta tì. Ti àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ fi àga kan síbẹ̀ fún wọn.