Wọ́n ti bá mi ha top cylinder Camry mi, ṣé iṣẹ́ yìí ṣeé gbà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Camry 2007 tí a ń pè ní Muscle ni mo ní, ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE. Ó gbóná jù, gáàsìkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín top cylinder (orí ẹ́ńjìnnì, ibi tí fáàfù wà) àti bulọ́ọ̀kù jó, la bá gbé top cylinder lọ síbi tí wọ́n ti ń fi mashíìnì ha á kó lè tẹ́jú. Wọ́n tún lọ fáàfù rẹ̀.

Ó ti dé, ó ń dán, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Mo gbé rúlà onírin tó tọ́ dáadáa lé e, mo ń ki feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) bọ abẹ́ rẹ̀. 0.05 mm ni Toyota ní àlàfo náà kò gbọdọ̀ kọjá, 0.10 wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárín sìlíńdà kejì àti ìkẹta. Mo tún rí ìlà roboto kéékèèké, irú èyí tí grinder ọwọ́ máa ń fi sílẹ̀. Tí mo bá fi èékánná fà á, ó ń kọ́ ọ. Gáàsìkẹ́ẹ̀tì onírin kì í sì fẹ́ ojú tó rí gbágungbàgun.

Mo fi plug dí ihò plug sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo da bẹntiróòlù sójú fáàfù wọn láti mọ̀ bóyá wọ́n ń jò. Mẹ́ta ò jò rárá. Ìkẹrin ń rọra sun jáde lójú fáàfù ẹ̀sọ́ọ̀sì.

Ẹni tó ṣe é ní gáàsìkẹ́ẹ̀tì á bo gbogbo ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n dá a padà fún un, àbí kí n gbé e lọ síbòmíràn? Tí wọ́n bá tún ha á, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti tín-ín-rín jù? Ẹ jọ̀ọ́, ihò bóòtù inú bulọ́ọ̀kù ńkọ́? Wọ́n mọ ẹ́ńjìnnì yìí mọ́ kí tíréèdì ibẹ̀ máa yọ, mi ò sì fẹ́ dè é kó tó dá mi lójú.