Táńkì tó kún ò gba àgbàrá mọ́

Ará Òkè-Àdó:
Ẹ kú òjò o. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé wa wà n'Ìbàdàn, kò jìnnà sí odò Ògùnpa. Ẹni tó bá mọ̀ nípa Omíyalé 1980 á mọ ìdí tí àwọn àgbà àdúgbò wa kì í fi rẹ́rìn-ín tí òjò bá ṣú. Ní oṣù kẹjọ 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo gba ẹ̀mí tó lé ní 100 nílùú yìí. Tiwa ò burú tó yẹn, ṣùgbọ́n ọdọọdún la máa ń gbé fìríìjì lé orí bẹ́ńṣì.

Mo wá ní kí wọ́n ṣe gọ́tà onípáànù sétí òrùlé, púlọ́ńbà sì fi páìpù darí ẹ̀ sínú táńkì onílítà 2,000. Mo rò pé wàhálà tán. Òjò ńlá àkọ́kọ́ lóṣù kẹfà, táńkì kún, ó ń ya dànù, omi tún gba ẹnu ọ̀nà wọlé bó ṣe mọ̀ ọ́n wọ̀. Ìyá onílé ká ìró wọn dé orúnkún, wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, táńkì yín ńkọ́?"

Ojú tì mí. Mo mú bírò. Òrùlé wa gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 10. Òjò mìlímítà 1 lórí mítà kan níbùú lóòró, lítà omi 1 ni. Tó bá rọ̀ tó mìlímítà 50, lítà 6,000 ló ń bọ́ láti orí òrùlé wa nìkan, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 240! Táńkì tó ṣófo pátápátá pàápàá á ti kún kí òjò tó tó mìlímítà 17. Tèmi ò tiẹ̀ ṣófo. Mo ti ń ṣahun omi láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Mo ra táńkì kejì. Tí òjò bá ti dá, tí ojú títì sì ti gbẹ, mo máa ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ sínú kòtò olókùúta tá a gbẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ìwọ̀nba tá a ó fi fọṣọ nìkan ni mò ń ṣẹ́ kù. A tún hú sìmẹ́ńtì ìdajì àgbàlá, ewúro ló wà níbẹ̀ báyìí. Mi ò ní purọ́: omi tó ń ti òkè wá ṣì ń bọ̀. Ilé mẹ́ta péré lókè wa ló ti gbé táńkì.

Ará Múṣin:
Dúrọ́ọ̀mù ni tiwa, abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ la gbé e sí. Omi òjò ń hó ọṣẹ ju omi kànga wa lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹjọ, tanwíjí ti kún inú ẹ̀. Ìjà tí mo jà pẹ̀lú àwọn ará ilé lórí ẹ̀fọn! Nẹ́ẹ̀tì la fi ń bò ó báyìí.

Ará Abẹ́òkúta:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń mu ún?

Ará Òkè-Àdó:
Rárá o. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti eruku ọyẹ́ ló ń bá omi àkọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ìta là ń darí ìyẹn sí.

Lánàá tójú ọ̀run ṣú, mo gbọ́ kó-kó-kó lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá onílé ni: "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti tú táńkì?"