Pósítà fíìmù Íńdíà àtijọ́: ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún lóòótọ́?

Kóyè_Apósítà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Pósítà Deewaar (1975) kan wà lọ́jà, ẹni tó ń tà á pè é ní "ojúlówó àfọwọ́kùn". Ínṣì 30 sí 40 ni. Ojú ibi tí wọ́n ti ká a sí mẹ́jọ hàn nínú fọ́tò, etí rẹ̀ sì ti pọ́n bí ìwé tí omi tíì dà sí. Ojú búrọ́ọ̀ṣì hàn ketekete, ọ̀dà ki. Ṣùgbọ́n ó ní téèyàn bá fọwọ́ kàn án, ńṣe ló ń jọ̀lọ̀. Báwo ni ọ̀dà á ṣe ki lójú, tí kò ní ki lọ́wọ́? Kí ni kí n béèrè kí n tó sanwó? Tí mo bá sì rà á, ṣé kí n láminéètì rẹ̀ ni?

Bàbá Òǹtẹ̀:
Ọ̀rọ̀ yẹn ò ta kora, àbúrò. Ọwọ́ ni wọ́n fi kun àwòrán, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ pósítà. Ayàwòrán á kun ẹyọ kan, ilé ìtẹ̀wé á wá tẹ púpọ̀ láti ara rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé òfìfo: wọ́n á fẹ fọ́tò àwọn òṣèré tóbi, wọ́n á gé e, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á wá kun ọ̀dà lé e lórí. Diwakar Karkare ló ya ti Deewaar, ọ̀bẹ ọ̀dà ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ọ̀bẹ lo pè ní ojú búrọ́ọ̀ṣì.

Bánà kánfáàsì (aṣọ líle) ńláńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ iwájú sinimá nígbà yẹn gan-an ni ọ̀dà gidi wà. M.F. Husain, ayàwòrán ńlá ilẹ̀ Íńdíà, kun irú ẹ̀ jẹun ní Bombay ní àwọn ọdún 1930 kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Wọ́n sábà máa ń kun fíìmù tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n. Má san owó kánfáàsì fún ìwé.

Wá lẹ́ǹsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Orúkọ fíìmù ni kí o gbé e lé, má gbé e lé ojú òṣèré. Ojú òṣèré á kún fún àmì tó-tó tó tò lẹ́sẹẹsẹ, torí ọ́fúsẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń fi àmì kéékèèké kó àwòrán jọ, ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ lẹ́tà inú ojúlówó máa ń dì gbọnyin, etí rẹ̀ á mú. Tó bá jẹ́ pé ara pósítà mìíràn ni wọ́n ti fi kámẹ́rà yà á, lẹ́tà náà á di tó-tó, etí rẹ̀ á sì ṣú. Tí íǹkì bá fọ́n káàkiri láìtò, bí oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n fọ́n sára ògiri, inkjet òde òní, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà, ni.

Ti àwọn ọdún 1950 tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ya àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí páànù ìtẹ̀wé, ojú rẹ̀ á rí ṣákaṣàka bí ẹfun lára ògiri. Tó-tó tó tò lórí irú ìyẹn, fura.

Àṣàkẹ́:
Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi fọ́tò ẹ̀yìn ìwé ránṣẹ́, Kóyè, èyí tó tan iná láti ẹ̀gbẹ́ yà, kí ojú kíká lè dá òjìji. Ìwé tó gbó fúnra rẹ̀ máa ń pọ́n jù létí àti níbi tí wọ́n ti ká a. Tí pípọ́n náà bá dọ́gba látòkè délẹ̀, tíì ni wọ́n rẹ ẹ́ sí.

Ẹ wo etí ìsàlẹ̀ náà, ibẹ̀ ni orúkọ ilé ìtẹ̀wé sábà máa ń wà. Wọ́n ń gbé fíìmù tó tà jáde padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á sì tẹ pósítà mìíràn. Ìyẹn kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré sí ti ìjáde àkọ́kọ́.

Lórí láminéètì: rárá o. Ooru àti ọ̀rá yẹn kì í ṣí mọ́. Sẹlotéèpù náà, rárá. Àtè rẹ̀ á wọ inú ìwé, á di àbàwọ́n. Tí ìwé bá ti ń rún, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé Japan (ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lágbára) àti kánfáàsì, kó fi àtè sítáàṣì àlìkámà, èyí tí omi lè tú lọ́jọ́ iwájú. Kí ó fi òwú tó tutù díẹ̀ dán àwọ̀ kọ̀ọ̀kan wò ní kọ̀rọ̀ kí omi tó kàn án. Pupa ni kó kọ́kọ́ dán wò.

Bí kò bá tíì rún, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín ìwé tí kò ní ásíìdì, kì í ṣe nínú ọ̀rá PVC. Tí ọ̀rinrin inú yàrá bá kọjá 65%, olú á hù sí i. Bí ẹ bá máa fi férémù kọ́ ọ, kí gíláàsì má kan ojú ìwé, kí oòrùn má sì bá a.

Dèjì_Kánfáàsì:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ti Ghana dà á rú fún yín o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kun pósítà sórí àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n rán pọ̀, ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, fún àwọn tó ń gbé fídíò kiri ìlú. Wọ́n kun fíìmù Íńdíà náà. Ìyẹn, ọ̀dà gidi ni, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ máa mọ̀.

Kóyè_Apósítà:
Fọ́tò ẹ̀yìn ti dé. Ìwé funfun báláú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú kíká wà níwájú, kò sí ẹyọ kan lẹ́yìn.

Bàbá Òǹtẹ̀:
Wọ́n tẹ ojú kíká mọ́ àwòrán nìyẹn. Bí o bá fẹ́ kó wà lára ògiri rẹ, san owó ẹ̀dà fún un.