Ìtàn iwin kọ́: èsì mi lórí "àfojúinúrí" àti "àkàtúnkà"

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè, mo kí yín o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá orúkọ méjì fún wa níbí. Wọ́n ní kí á máa pe ìwé tí òyìnbó ń pè ní "classic", ìyẹn ìwé tí aráyé ń kà láti ìran dé ìran, ní "ìwé àtijọ́", kí á sì máa pe gbogbo "fantasy", ìyẹn ìtàn ohun àrà tí kò lè ṣẹlẹ̀ lójú ayé, ní "ìtàn iwin". Ọ̀pọ̀ yín ti ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè fọwọ́ sí i: "àkàtúnkà" ni mo fẹ́ fún "classic", "ìtàn àfojúinúrí" sì ni fún "fantasy". Irú ìwé wọ̀nyẹn ni mo ń kà jù láyé mi, orúkọ tí a bá sì sọ wọ́n ló máa pinnu bí ọmọ wa yóò ṣe dá wọn mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú Odyssey, ìtàn Gíríìkì tí wọ́n kà sí ti Homer. Òmìrán olójú kan wà nínú rẹ̀, obìnrin olóògùn tó ń sọ èèyàn di ẹlẹ́dẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "ìtàn iwin" á rò pé torí wọn la ṣe ń kà á. Ibi tí èmi ti gbé ìwé náà sílẹ̀ tí mo nu ojú ni ibi ajá. Odysseus, akọni inú ìtàn náà, ti kúrò nílé fún 20 ọdún. Ó padà dé, ó múra bí alágbe kí àwọn ọ̀tá tó wà nílé rẹ̀ má baà dá a mọ̀. Argos, ajá tó fi sílẹ̀, ti darúgbó, ó dùbúlẹ̀ lórí ààtàn, eégbọn bò ó. Ajá náà mọ̀ ọ́n. Ó ju ìrù, ó dẹ etí sílẹ̀, àmọ́ kò lágbára àtidìde lọ bá a. Olówó rẹ̀ náà kò lè sún mọ́ ọn, torí àṣírí á tú. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu omijé rẹ̀ nù. Bí ajá ṣe rí olówó rẹ̀ tán báyìí ló kú. Iwin wo ló wà níbẹ̀?

Iwin sì ní àyè tirẹ̀ nínú èdè wa. Egbére kì í ṣe iwin: ó kúrú, ó gbé ẹní dání, ó ń sunkún kiri. Ọ̀rọ̀ ẹbọra tún yàtọ̀, ti irúnmọlẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ "Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀", ìwé Fágúnwà tó jáde ní 1938, sí Gẹ̀ẹ́sì, tí ìtumọ̀ náà jáde ní 1968, kò kàn ju "demon" sí ibi irúnmalẹ̀. "Daemon" ló kọ, kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé ẹ̀mí àìmọ́ inú Bíbélì là ń wí. Ó tún ṣẹ̀dá "ghommid", ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ wa lọ sínú èdè ẹlòmíràn ṣe wàhálà tó báyẹn. Àwa tó ń gbé tiwọn bọ̀ nílé wá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan. Ó dùn mí gan-an.

Àbúrò kan dá "ìtàn irọ́" lábàá. Rárá o. Ẹni tó purọ́ fẹ́ kí o gbà á gbọ́, kò sì fẹ́ kí o mọ̀ pé irọ́ ni. "Àròsọ" ti yanjú ìyẹn fún wa tipẹ́. "Mérìíyìírí" tí wọ́n tún dá lábàá dùn mọ́ mi létí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan nǹkan ni. Tí mo bá kà á lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́, ṣé mi ò tíì rí irú rẹ̀ náà ni?

Ohun tí mo mú wá ni "ìtàn àfojúinúrí". Phantasia, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí "fantasy" ti wá, jẹ mọ́ kí nǹkan hàn síni. Àwa náà ti ní ojú inú. Òǹkọ̀wé fojú inú rí i, èmi tí mò ń kà á náà fojú inú rí i, yálà òmìrán ni o tàbí ajá lórí ààtàn. Ní ti "ìtàn ìwáṣẹ̀" fún ìtàn bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀, ó ti dúró, ẹ jẹ́ kí á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìwé àtijọ́" ńkọ́? Ìwé àtijọ́ tí kòkòrò ń jẹ, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí wò mọ́, pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. "Àkàtúnkà" ni mo fẹ́. Mo ka Frankenstein, ìwé Mary Shelley tó jáde ní 1818, ẹ̀rù ló bà mí. Mo tún un kà, mo wá rí i pé ìwé nípa èdè ni. Abàmì ẹ̀dá náà fara pa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdílé tálákà kan, ó ń yọjú láti inú ihò tó wà lára pákó, ó ń ṣọ́ ẹnu wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ kọ́ ni iná, wàrà, búrẹ́dì àti igi. Kò ní orúkọ títí ìwé fi parí. Orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ni aráyé wá ń pè é. N kò rí ìyẹn ní kíkà àkọ́kọ́. Ẹnìkan ní àkàtúnkà jọ àwítúnwí, pé ó ń sú èèyàn. Ẹnu ẹlòmíràn ni àwítúnwí ti ń wá bá wa. Àkàtúnkà, ẹsẹ̀ ara wa la fi ń rìn padà lọ bá a.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Odysseus sọ fún òmìrán yẹn pé Outis ni orúkọ òun, ìyẹn ni pé kò sẹ́nìkan. Nígbà tó fọ́ ọ lójú, òmìrán kígbe, àwọn aládùúgbò sì ń bi í láti ìta pé ta ló ń pa á. Mò ń sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní òmìrán dáhùn pé: "Kòsẹ́ni ló ń pa mí!" Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Wọ́n á mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni, torí ó sọ pé 'ló'. Tí kò bá sí ẹnìkan, 'tó' ló yẹ kó sọ." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Mo rò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì mo yí orúkọ náà padà sí Kòsẹ́nitó, kó lè jọ Kòkúmọ́ àti Kòsọ́kọ́, mo sì tún ìtàn náà sọ. "Kòsẹ́nitó ń pa mí!" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí tó fi dùbúlẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní orúkọ tó dán ju Kòsẹ́nitó lọ, kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ síbí.