Ta ló ti fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò fò rí?

Dúró_Atlanta: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kan bàálù kékeré nínú gáréèjì mi níbí, ó ku ẹ́ńjìnnì. Owó Lycoming, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún bàálù gan-an, ń dẹ́rù bà mí. Ẹni tó bá ti fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò fò rí, kí ló ṣojú yín? Ẹni tí kò fò rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Houston: Subaru EJ22 ló wà nínú tèmi, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ò yọ mí lẹ́nu rí. Ohun tó yí i ká ló máa ń fìyà jẹni. Kí agbára rẹ̀ tó jáde dáadáa, ó ní láti máa yí bíi ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù ò fẹ́ ju nǹkan bíi 2,700 lọ. Gíáàbọ́ọ̀sì ló ń dín eré náà kù, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Lọ́jọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ńlẹ̀ ni, ọwọ́ géèjì ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo yí padà kíá, mo balẹ̀. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi rédíétọ̀ aláwọ̀ ewé ti gbẹ mọ́ ara sàlẹ́ńsà, gbogbo ibẹ̀ ń ta sánsán bíi ṣúgà jíjóná. Kílíìpù họ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló tú o!

Mẹ́káníìkì_Ládípọ̀: Ẹ̀gbọ́n, níbí, tí mọ́tò bá hó, a ó ní kí oníbàárà páàkì sẹ́bàá títì, kó jẹ́ kó tutù. Ẹ̀bá títì wo ló wà lókè yẹn?

Àbẹ̀kẹ́_Peckham: 😂😂 Ẹ má fi ẹ̀rín pa mí o.

Alága_Corvair: Ìdí tí mo fi lo ẹ́ńjìnnì Corvair, mọ́tò Chevrolet àtijọ́, nìyẹn. Kò mumi, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Kò sí gíáàbọ́ọ̀sì, orí kíráńkì, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ni abẹ̀bẹ̀ jókòó sí tààrà.

Ẹ̀gbọ́n_Houston: Kíráńkì tó ti ṣẹ́ mọ́ àwọn kan lọ́wọ́ lókè yẹn ńkọ́, Alága? Wọn ò ṣe é fún abẹ̀bẹ̀.

Alága_Corvair: Béárìn karùn-ún, tó ń bá kíráńkì gba wàhálà abẹ̀bẹ̀, wà lára tèmi. Ẹ tún mú òmíràn wá.

Mẹ́káníìkì_Ládípọ̀: Mọ́tò tí Chevrolet ti pa tì láti 1969! Níbo lẹ ti ń rí páàtì?

Alága_Corvair: A máa ń rí i.

Ọmọ_Abẹ́òkúta: Ẹ gbàgbé omi, iná lẹ máa bi ara yín. Lycoming ní màgínẹ́tò méjì tó ń pèsè iná fúnra wọn, kò dúró de bátìrì. Subaru yẹn, tí bátìrì bá kú, òun náà kú nìyẹn. Bátìrì méjì ni mo fi sí tèmi, wáyà kálukú lọ́tọ̀.

Bàbá_Àgbà_Minnesota: Ẹ̀yin ọmọdé ń pariwo. Níbí ni Pietenpol ti fi ẹ́ńjìnnì Ford Model A gbé bàálù onípákó ní 1929. Àwọn kan ṣì ń fò ó.

Mẹ́káníìkì_Ládípọ̀: Dúró, wá ẹ́ńjìnnì Bẹ́líjíọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí rí. Kò sí tuntun tó tó o.

Ẹ̀gbọ́n_Houston: Má dá a lóhùn, Dúró. Tú u dé kíráńkì kó o tó gbé e sókè.

Mẹ́káníìkì_Ládípọ̀: Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ti tú, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ lọ bi gbogbo Mushin.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham: Dúró, ṣé ìyàwó ẹ gbọ́?

Dúró_Atlanta: Ó ní òun ò ní wọ̀ ọ́ láéláé. FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, pàápàá ò tíì ní jẹ́ kó wọ̀ ọ́: wákàtí 40 ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi dán an wò. Ká ní ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ tó níwèé ẹ̀rí ni, 25 ni.

Ọmọ_Abẹ́òkúta: Ọmọ Kano tó fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic ṣe hẹlikọ́pítà ní 2007, FAA wo ló bi?

Alága_Corvair: Wọ́n ní bíi ẹsẹ̀ bàtà méje ló gbé e lọ sókè. Ṣé fífò nìyẹn?

Mẹ́káníìkì_Ládípọ̀: Fífò ni! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀.

Alága_Corvair: Ọ̀pọ̀lọ́ náà ń fò nìyẹn.

Ọmọ_Abẹ́òkúta: Ọ̀pọ̀lọ́ ò lo Honda, Alága.